Ta ló ń rántí iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ nínú ilé yín?

Ẹ bi ọ̀pọ̀ bàbá ní Ìbàdàn tàbí Èkó pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ẹ̀kọ́ ọmọ wọn, wọn á ní àwọn làwọn ń san owó ilé ìwé. Òótọ́ ni, owó ilé ìwé ayé ìsinsìnyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi bàbá kan náà pé: kí lorúkọ tíṣà ọmọ yín? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń wọ aṣọ eré ìdárayá? Kí ni kò yé ọmọ nínú ìṣirò sáà tó kọjá? Ojú ìyá ọmọ ni bàbá máa wò. Kódà nínú ilé tí bàbá ti ń fọ abọ́, tó sì ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ìyá ló sábà máa ń rántí pé ọ̀la ni ọmọ máa mú páálí àti gọ́ọ̀mù lọ, òun náà ló máa tẹ bàbá láago pé kó rà wọ́n bọ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan rò pé kí bàbá àti ìyá pín iṣẹ́ dọ́gba ni pé ká ka iṣẹ́ mẹ́wàá, kí kálukú mú márùn-ún. Wọn ò ka ìrántí mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìrántí ló wúwo jù. Ẹni tó ń rántí ni ọ̀gá iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń rán létí, ọmọọṣẹ́ ni, bó ti wù kó yára tó. Tó bá sì jẹ́ orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ìwé ọmọ wà, ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá tàbí tó lọ síbi òkú nílé, gbogbo ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, odindi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pín. Ẹ má gé e wẹ́wẹ́. Bí bàbá bá mú ìṣirò, òun ló máa mọ ibi tí kíláàsì dé, òun ló máa ra ìwé rẹ̀, òun ló máa wo iṣẹ́ àmúrelé, òun náà ló máa lọ bá tíṣà tí máàkì bá ń lọ sílẹ̀. Bí ìyá bá mú Gẹ̀ẹ́sì àti ìwé kíkà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹnì kan mú yúnífọ́ọ̀mù, bàtà àti irun. Ẹnì kejì mú oúnjẹ àti gbígbé lọ gbígbé bọ̀. Ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ ìlera, títí kan ojú àti etí, torí ọmọ tí kò rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn á kàn máa pè é ní olódo. Ní ìparí sáà, ẹ lè pààrọ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹni tí kò ni iṣẹ́ kan máa rán ẹni tó ni ín létí lójoojúmọ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìrántí ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Òfin gan-an ò sọ pé iṣẹ́ ìyá ni. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ UBE ti ọdún 2004 ní gbogbo òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ wọn lọ sílé ìwé, kó sì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, èyí tó jẹ́ ọdún 9 lápapọ̀. Ìkìlọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún òbí tó bá rú u. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì tàbí méjèèjì. (₦2,000 yẹn ò lè ra odindi ìwé ìṣirò kan mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n òfin ṣì ni òfin.) "Òbí" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá wà nínú rẹ̀, ìyá wà nínú rẹ̀.

Ìgbà wo ni kálukú máa wá ṣe tiẹ̀? Oorun ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo ti àgbà. Ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó máa sun oorun wákàtí 9 sí 12 lóru. Ọmọ ọdún 13 sí 18, wákàtí 8 sí 10. Bí ọmọ ọdún 8 bá ní láti jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kó lè dé orí ìlà ní aago méje ààbọ̀, ó pẹ́ tán, kó ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó tó sì ń gbé ní Ìkòròdú kì í tíì dé ilé nígbà yẹn. Ohun tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe, tó sì ń bà á jẹ́, ni pé yóò dé ní aago mẹ́sàn-án kọjá, yóò jí ọmọ, yóò ní "mú ìwé ẹ wá kí n wò ó." Ọmọ tó ń tòògbé máa kọ ìkọkúkọ, bàbá á bínú, ọmọ á sunkún, tó bá sì di ọ̀la, yóò sùn sórí tábìlì ní kíláàsì.

Àárọ̀ ni kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ mú, tàbí òpin ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ìwẹ̀ àti oúnjẹ àárọ̀ tó láti gbọ́ bí ọmọ ṣe ń ka ojú ìwé méjì. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń gbé e lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti di àkókò ẹ̀kọ́: ìlọ́po 6, 7, 8 àti 9, sípẹ́lì ọ̀rọ̀ márùn-ún, kí ọmọ sọ ohun tí wọ́n kọ́ lánàá. Ìlọ́po 7 àti 8 ni kẹ́ ẹ tẹra mọ́, ibẹ̀ ló ti máa ń ta ọmọ lẹ́sẹ̀ jù. Ní Sátidé, wákàtí kan: kó gbé gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ sílẹ̀, kó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wo ibi tí bírò pupa wà. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ilé lè mú iṣẹ́ àmúrelé ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ ìyá ló ń pẹ́ níta, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ yí i padà. Ibi tí kálukú wà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó pinnu ẹni tó máa jókòó ti ọmọ.

Fún iṣẹ́ àmúrelé, ìwọ̀n tó dára ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí kíláàsì kọ̀ọ̀kan: 20 fún ọmọ praimárì kejì, 50 fún ti karùn-ún. Bó bá kọjá ìyẹn tí kò tíì parí, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ kọ ìwé pélébé sí tíṣà pé ibi tó dé rèé, ohun tí kò yé e rèé. Ẹ má bá a ṣe é. Bí ẹ bá bá a ṣe é, tíṣà á rí i pé ó gbà á, á kọjá sí orí tó kàn, ọmọ á sì ru àìgbọ́yé yẹn lọ títí dé ọjọ́ ìdánwò.

Ìdí kan tún wà tó fi dáa kí ẹnì kan ṣoṣo mú ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká wo 52 tí a fẹ́ yọ 27 nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé báyìí, ọmọ máa yá mẹ́wàá kan lọ́wọ́ 5, 5 á di 4, 2 á di 12. Ó yọ 7 nínú 12, ó ku 5. Ó yọ 2 nínú 4, ó ku 2. Ìdáhùn ni 25. Ọ̀pọ̀ àgbà kọ́ ọ lọ́nà mìíràn: wọ́n sọ 2 òkè di 12, wọn ò fọwọ́ kan 5, wọ́n wá san gbèsè nísàlẹ̀, 2 tó wà nínú 27 di 3. Ó yọ 7 nínú 12, ó ku 5. Ó yọ 3 nínú 5, ó ku 2. 25 náà ni. Ọ̀nà méjèèjì tọ̀nà. Àmọ́ ọmọ tí ìyá kọ́ ní ti àkọ́kọ́ lánàá, tí bàbá kọ́ ní ti ìkejì lónìí, máa dà wọ́n pọ̀: á sọ 5 di 4, á tún sọ 2 ìsàlẹ̀ di 3, á wá kọ 15. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó fi mẹ́wàá gééré dín sí èyí tó tọ̀nà, ohun tó sábà máa ń fà á nìyẹn. Kí ẹni tó mú ìṣirò kọ́kọ́ ṣí ìwé kíláàsì, kó wo àpẹẹrẹ tí tíṣà ṣe, kó ní kí ọmọ ṣàlàyé rẹ̀ fún òun, kó tó fi pẹ́ńsù kan ìwé.

Òbí tí kò kàwé ńkọ́? Òun náà ní iṣẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Kò dìgbà téèyàn bá mọ̀wé kó tó lè rí i pé kò sí àmì tíṣà nínú ìwé láti ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí pé ojú ewé méjì péré ni ọmọ kọ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Kó ní kí ọmọ kàwé sókè fún òun, kó sì sọ ìtàn inú rẹ̀ padà ní Yorùbá. Bí ọmọ ò bá rí nǹkan kan sọ, ẹnu rẹ̀ ló kà á, kò yé e. Mẹkáníìkì tó mọ iye tí ọ́ìlì àti fílítà máa jẹ́ láìfi bírò kọ ọ́ lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò àròsọ ju ọ̀pọ̀ tíṣà lẹ́sìn lọ.

Àwọn bàbá kan sì ń sá fún iṣẹ́ àmúrelé torí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn ò já gaara. Kí wọ́n fi Yorùbá bá ọmọ sọ ohun tó kọ́, kò ní pa á lára. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn ò rẹ̀yìn, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nínú ilé tí ìyá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé fún ọmọ, tí bàbá ń fi Yorùbá bá a tú u palẹ̀, ọmọ ló jèrè.

Ohun kan wà tó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ nílé wa ju àìráàyè lọ, òun ni "jẹ́ kí dádì ẹ dé." Ìyá ló ń fi ojoojúmọ́ tọ́ ọmọ, bàbá wá di kóńdó tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìgbà tí òun bá kùnà nìkan ni bàbá máa ń ṣí ìwé òun kò ní mú ìwé náà wá mọ́. Á gbé èsì ìdánwò pa mọ́, á ya ìwé tó ní òdo níbẹ̀, èyí tó gbọ́n díẹ̀ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lù ú bíi ti dádì. Bí bàbá bá ti ń wo ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 4 nínú 10 kì í ṣe ìròyìn burúkú tó ń já lu èèyàn lópin sáà. Ohun tó rí lọ́sẹ̀ yẹn ni, tí wọ́n sì ti bá a yanjú.

Àwọn ìyá náà ní tiwọn. Bàbá lọ aṣọ, ìlà kọ́là ò gún, ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọmọ, ó tún un lọ̀. Bàbá kó oúnjẹ sí kúlà, ìyá ní "ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kó o ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹta irú ẹ̀ péré, bàbá á padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, ta ló máa bá a wí? Bí kì í bá ṣe ohun tó lè ṣe ọmọ léṣe, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ tí kọ́là rẹ̀ wọ́ ṣì lè gba 10 nínú 10.

Iṣẹ́ ilé ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kì í sábà kà á sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Nínú ilé tí bàbá kì í ti í gbé abọ́ tó fi jẹun, ọmọkùnrin ilé kì í gbé tiẹ̀ náà. Ta ló wá ń gbé e? Ọmọbìnrin ni. Ká ní fífọ abọ́ àti gbígbálẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń gba ìṣẹ́jú 45 lọ́wọ́ rẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45 nìyẹn lọ́sẹ̀. Fún sáà ọ̀sẹ̀ 13, ó ti sún mọ́ wákàtí 49. Àárín wákàtí 49 yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé, tàbí kó máa tẹ fóònù. Ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì wá máa ṣe nínú yàrá ìdánwò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń jẹun nílé sórí ìwé, bàbá náà wà níbẹ̀, kí fífọ abọ́ máa yípo láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì. Lọ́sẹ̀ tí ẹnì kan bá ní ìdánwò, kí wọ́n fò ó, bó jẹ́ ọkùnrin, bó jẹ́ obìnrin. Bí àwọn ọmọ bá rí i tí bàbá dìde gba tiẹ̀ láìjanpata, kì í pẹ́ kí àríyànjiyàn tó tán.

Ilé ìwé pẹ̀lú ń dá kún un. Nínú fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé, nọ́ńbà bàbá ni wọ́n ń pè nítorí owó, ti ìyá ni wọ́n ń pè nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ẹ ní kí wọ́n kọ méjèèjì sí ojú kan náà, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè fún ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi bàbá sínú WhatsApp kíláàsì. Bó bá jẹ́ Mọ́mì Tóbi àti Mọ́mì Àánú nìkan ló kún ibẹ̀, kò pa á lára. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ, ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni kó lọ, kódà bó bá gba pé kó tọrọ ààyè wákàtí méjì níbi iṣẹ́. Kó má jókòó kó máa bi tíṣà pé "ṣé ó ń gbìyànjú?" Gbogbo tíṣà ló máa ní ó ń gbìyànjú. Kó béèrè ibi tí ọmọ ń jókòó sí nínú kíláàsì àti ẹni tó bá a jókòó, orí ẹ̀kọ́ tó ti gba máàkì tó kéré jù, àti ohun kan ṣoṣo tí tíṣà fẹ́ kí wọ́n ṣe nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì náà, kó pe tíṣà.

Owó wá ńkọ́? Dọ́gba kì í ṣe ìlàjì-ìlàjì níbí. Ká ní owó ilé ìwé jẹ́ ₦90,000 ní sáà kan, ₦270,000 nìyẹn lọ́dún. Ẹ fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ìwé, aṣọ, owó PTA àti gbogbo owó tí wọ́n ń kọ sínú bébà kékeré láàárín sáà, ₦81,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦351,000. Ẹ pín in sí oṣù 12, ₦29,250 lóṣù. Bí bàbá bá ń gba ₦150,000, tí ìyá ń rí ₦100,000, kí bàbá máa fi ₦17,550 sílẹ̀, kí ìyá máa fi ₦11,700 sílẹ̀, sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí àwọn méjèèjì lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ fún ọdún tó ń bọ̀. Owó tí ẹnì kan dá san lójijì ní oṣù kẹsàn-án ló máa ń di ohun tó fi ń ju ẹnì kejì lókò títí ọdún fi máa parí.

Bàbá tàbí ìyá tó ti jápa náà lè mú odindi iṣẹ́, bí wọ́n bá fi àkókò sí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú Òyìnbó, aago kan náà ni London àti Nàìjíríà ń lò. Ní ìgbà òtútù wọn, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú. Fún Toronto, wákàtí 5 tàbí 6 ni, nítorí náà aago méje alẹ́ ní Ìbàdàn bọ́ sí aago méjì tàbí aago kan ọ̀sán lọ́hùn-ún. Ọjọ́ méjì pàtó lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 20, kí ọmọ gbé fóònù síwájú ìwé, kó máa kà á sókè. Kí ẹni tó wà nílé kúrò ní yàrá náà.

Ibi tí àìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti ń náni lówó jù ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Bàbá lọ ṣe NIN ọmọ, ó kọ Olúwáṣeun. Ìyá ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ìwé, ó kọ Ṣeun. Ọjọ́ ìbí yàtọ̀ torí ẹnì kan fẹ́ kí ọmọ tètè wọ praimárì kìíní. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí di SS3. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, máa mú, èèyàn ò sì lè yí wọn padà lórí ìkànnì JAMB. Ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ló máa lọ, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí ti NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló sì wọ́n jù. Kí ọmọ tó kúrò ní JSS1, kí òbí méjèèjì jókòó, kí wọ́n to ìwé ìbí, NIN àti orúkọ inú rẹ́jísítà ilé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n kà á lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Iṣẹ́ tí ọmọ máa yàn ní SS1 náà ń bẹ níbẹ̀. Bí bàbá bá ní dókítà ni, tí ìyá sì ti gbà fún ọmọ pé kó lọ sí kọ̀mẹ́ṣà, ẹ bá a yanjú ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Biology, Chemistry àti Physics ní JAMB. Bó bá fi Mathematics dípò ọ̀kan nínú wọn, kò sí bí máàkì rẹ̀ ṣe lè ga tó nínú 400, wọn ò ní gbà á sí ìṣègùn. Ìbéèrè 180 ni wọ́n máa dáhùn ní wákàtí méjì, 60 ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ìkọ̀ọ̀kan yòókù. Kí òbí tó mú ìforúkọsílẹ̀ JAMB mọ̀ pé laìnì fóònù tí wọ́n bá fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 ló máa gba kóòdù ìforúkọsílẹ̀, òun náà ni wọ́n máa lò títí. Wọn ò lè fi laìnì kan náà ṣe ti ọmọ méjì. Bó bá jẹ́ laìnì bàbá ni wọ́n lò fún ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n lo ti ìyá fún àbúrò, kí wọ́n má ta síìmù náà tàbí kí wọ́n jẹ́ kó kú, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé kan tí ẹni tí kò bá lọ síbi ìforúkọsílẹ̀ náà lè tètè rí.